Soichiro Honda: Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí àtúnṣe mọ́tò sọ di ọ̀gá

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé wa níbí. Ọmọ á ní òun fẹ́ ra mọ́tò àtijọ́ kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, pàápàá àwọn mọ́tò kékeré eléré tí àwọn ará Jàpáànì ṣe láàárín ọdún 1960 sí 1980. Ó fẹ́ tú u palẹ̀ nínú gáréèjì, kó sì tò ó padà títí tí á fi di ọ̀tun. Bàbá á fárígá. Ìyá á béèrè bóyá torí kí ọmọ òun lè máa fọwọ́ pa gíríìsì ni wọ́n ṣe wá sí ìlú Ọba. Lójú tiwa, iṣẹ́ ni kí ọmọ di dókítà, kó di lọ́yà, tàbí kó di akáńtáńtì bíi tèmi yìí. Mẹkáníìkì kẹ̀? Ká má rí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí á jọ wo ìgbésí ayé ọkùnrin kan lónìí. Gbogbo wa la mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ò mọ ìtàn rẹ̀. Orúkọ náà wà lára alùpùpù tí tíṣà abúlé gùn lọ síléèwé nígbà tí a wà lọ́mọdé, ó wà lára jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìnkùlé, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ti wà ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti ọdún 1979. Soichiro Honda ni mò ń sọ.

Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1906 ni wọ́n bí i ní abúlé Komyo, tó ti di ara ìlú Hamamatsu báyìí. Alágbẹ̀dẹ ni Gihei bàbá rẹ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere dé àgbègbè wọn, bàbá náà kọ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Mika ìyá rẹ̀ mọ aṣọ híhun. Ẹ ṣáà wò ó bí ẹni pé Ìsẹ́yìn ni: bàbá ń finná mọ́ irin, ìyá ń hun aṣọ, ọmọ ń ṣeré láàárín wọn.

Ọmọ náà ò fẹ́ràn ìwé. Láyé ìgbà yẹn, òǹtẹ̀ ìdílé ni òbí fi ń tẹ ìwé èsì ìdánwò kí ọmọ tó dá a padà fún tíṣà. Honda gé rọ́bà lára pẹ́dà kẹ̀kẹ́, ó fi gbẹ́ òǹtẹ̀ ayédèrú. Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ Honda lóròó ní èdè wọn, ọ̀tún àti òsì rẹ̀ bára mu, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Ìgbà tó wá ń gbẹ́ òǹtẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí orúkọ tiwọn yí sódì lórí ìwé, ni àṣírí tú. Ó jìyà rẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ yìí fẹ́ràn. Ọjọ́ tí mọ́tò kọ́kọ́ wọ abúlé wọn, ó sá tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọkọ̀ Ford ni. Nígbà tí ọkọ̀ náà dúró tí ọ́ìlì sì kán sílẹ̀, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó ń gbóòórùn ọ́ìlì náà bí ẹni gbóòórùn ọbẹ̀. Ní ọdún 1917, ó gbọ́ pé òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Art Smith ń bọ̀ wá fi bàlúù dárà ní Hamamatsu. Ó jí kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀, èyí tó ga jù ú lọ, ó wà á lọ sí ìlú náà. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó láti wọlé. Ó gun orí igi, ibẹ̀ ló ti wò ó.

Ní ọdún 1922, lẹ́ni ọdún 15, ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ àtúnṣe mọ́tò kan ní Tokyo, Art Shokai, nínú ìwé ìròyìn kan. Ó kọ lẹ́tà, wọ́n gbà á. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí ní Mushin tàbí ní Mọ́kọ́lá á mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọn ò fi sípánà lé e lọ́wọ́. Ọmọ ọ̀gá ni wọ́n gbé pọ̀n sí i lẹ́yìn. Fún bí oṣù mẹ́fà, ilẹ̀ ló ń gbá, ọmọ ló ń gbé. Ó ti rò ó pé kí òun sá lọ, àmọ́ ojú ń tì í láti padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ kan tí yìnyín ń bọ́, tí iṣẹ́ pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ, ọ̀gá ní kó wá ran òun lọ́wọ́. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ wọ abẹ́ mọ́tò.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923 ni ìmìtìtì ilẹ̀ wó Tokyo, iná sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí wọ́n wa mọ́tò àwọn oníbàárà kúrò nítòsí iná. Honda ò wa mọ́tò rí láyé rẹ̀, ó sì wà á jáde lọ́jọ́ náà láàárín èrò. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ padà sí ìlú wọn. Díẹ̀ ló ṣẹ́ kù pẹ̀lú ọ̀gá, Yuzo Sakakibara, Honda sì wà lára wọn. Àwọn mọ́tò tó jóná ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń sọ di ọ̀tun. Sípóòkì onígi tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò ìgbà náà ti di eérú. Ohun tó rí yìí ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó dá dúró, ó ṣe sípóòkì onírin rọ́pò tonígi, ó sì gba ìwé ẹ̀rí ìjọba pé òun ló dá a sílẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn eré ìje mọ́tò púpọ̀. Wọ́n mú ẹ́ńjìnnì bàlúù Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Curtiss, wọ́n gbé e lé ṣáásì mọ́tò tó ti wà nílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ eré ìje. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1924, ọkọ̀ náà gba ipò kìíní. Àbúrò ọ̀gá ló wà á, Honda sì jókòó tì í gẹ́gẹ́ bíi mẹkáníìkì. Ọkọ̀ yìí ò sọnù o. Ó wà ní ilé ìpamọ́ Honda ní Motegi, ní Jàpáànì.

Ní ọdún 1928, ọ̀gá rẹ̀ fún un ní fíríìdọ́ọ̀mù. Ó gbà kó ṣí ẹ̀ka Art Shokai sí Hamamatsu. Honda ò tíì pé ọmọ ọdún 22. Iṣẹ́ ya wọlé, owó dé, ìgbádùn sì dé pẹ̀lú. Òun náà ń wa ọkọ̀ eré ìje. Ní oṣù kẹfà ọdún 1936, nínú ìdíje kan létí odò Tama, ọkọ̀ rẹ̀ tàkìtì. Òun àti àbúrò rẹ̀ Benjiro fara pa gan-an, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí bọ́.

Láàárín ìgbà yìí ni ọkàn rẹ̀ yí padà. Àtúnṣe ohun tí ẹlòmíì ṣe ò tó o mọ́, ó fẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe nǹkan. Ríǹgì písítìnnì ló mú, irin róbótó kékeré tí kì í jẹ́ kí agbára jò nínú ẹ́ńjìnnì. Ó rò pé ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ò le. Ó le! Oṣù lé oṣù, gbogbo ríǹgì tó ń ṣe ló ń kán. Ó lọ bá àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Hamamatsu, ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé irin òun ò ní èròjà silicon tó. Lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ó padà jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ kékeré. Kò ṣe ìdánwò, ohun tó kan ríǹgì rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, wọ́n sì lé e kúrò. Síbẹ̀ kò jáwọ́. Nígbà tó mú 50 ríǹgì lọ sí Toyota fún àyẹ̀wò, 3 péré ló yege. Ó tún padà sídìí iṣẹ́ títí tí Toyota fi di oníbàárà rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibẹ̀ yẹn. Ìbéèrè tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè dáhùn ló lé e lọ sídìí ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń kàwé láìní ìbéèrè kankan lọ́wọ́.

Ogun àgbáyé kejì fọ́ gbogbo ẹ̀ túútúú. Bọ́ǹbù Amẹ́ríkà wó ilé iṣẹ́ kan, ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1945 sì wó èkejì. Ó ta èyí tó kù fún Toyota ní 450,000 yen. Fún bí ọdún kan, kò ṣe iṣẹ́ gidi kan. Ó ra àgbá ọtí sílé, ó ń fọn fèrè, ó ń wo ayé. Àwọn aládùúgbò rò pé ayé rẹ̀ ti parí.

Ní ọdún 1946, ó rí àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn sójà fi ń fún rédíò níná lójú ogun. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wọn mọ́. Ó so ọ̀kan mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ike omi gbígbóná tí wọ́n fi ń móoru lórí bẹ́ẹ̀dì ló fi ṣe táǹkì epo. Sachi ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ gùn ún káàkiri ìlú. Ariwo sọ, oníbàárà dé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì sójà tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ Honda Motor forúkọ sílẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa oníwèé owó díẹ̀. Honda ò mọ owó tọ́jú rárá. Ní ọdún 1949, ó pàdé Takeo Fujisawa, ó fà á wọlé, ó sì kó òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Fujisawa ló ń tà, òun ló ń yá owó ní bánkì, òun ló ń ṣírò. Honda ń bẹ lábẹ́ ẹ̀rọ. Èyí ò yọ èyí lẹ́nu. Ní ọdún 1954, nígbà tí ọjà ò tà tí gbèsè sì fẹ́ gbé wọn mì, Fujisawa ló dúró gbọn-in-gbọn-in níwájú bánkì.

Ọdún 1954 yẹn kan náà ni Honda kéde pé àwọn á lọ díje ní eré alùpùpù tó le jù láyé, ní erékùṣù Isle of Man, láàárín ìlú Ọba àti Ireland. Ó lọ wò ó fúnra rẹ̀. Àyà rẹ̀ já: ẹ́ńjìnnì àwọn ará Jámánì àti Ítálì lágbára ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Ó ra páátì tó lè rà, ó ń kó wọn bọ̀ wálé. Ní pápákọ̀ òfuurufú Róòmù, wọ́n ní ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sì sówó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó tú báàgì, ó wọ aṣọ léra wọn, ó sì fi ọwọ́ gbé irin. Àwa tí a ti tú báàgì rí ní Gatwick tàbí Heathrow, ẹ̀rín á pa wá. Ọdún 1959 ni wọ́n tó díje níbẹ̀, wọ́n sì gba ipò kẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ nínú ìdíje 125 cc. Ní ọdún 1961, alùpùpù wọn gba ipò kìíní. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Láàárín ìyẹn, ní 1958, wọ́n gbé Super Cub jáde, alùpùpù tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kí ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri lè fi ọwọ́ òsì di àwo mú. Nígbà tó fi di ọdún 2017, wọ́n ti ṣe 100 mílíọ̀nù rẹ̀.

Wàyí o, a dé orí mọ́tò eléré tí àwọn ọmọ wa ń dù. Ní ọdún 1961, ìjọba Jàpáànì ń pète òfin tí kò ní jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tuntun wọ iṣẹ́ mọ́tò. Honda bínú. Kí òfin tó dé, ó sáré kó mọ́tò jáde: ọkọ̀ ẹrù kékeré T360 ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, àti mọ́tò eléré S500 ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ó fẹ́ kí S500 pupa. Ìjọba ní rárá, ọkọ̀ panápaná ló ni àwọ̀ pupa. Ó bá wọn jà títí wọ́n fi gbà. Òfin tó ń bẹ̀rù yẹn ò kọjá nílé ìgbìmọ̀. S600 tẹ̀ lé e ní 1964, S800 sì dé ní 1966.

Ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì S500 á mọ̀ pé ọwọ́ oníṣẹ́ alùpùpù ló ṣe é. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ju 531 cc lọ, síbẹ̀ ó ní kábúrétọ̀ mẹ́rin, ìgbà 8,000 ló sì ń yí ní ìṣẹ́jú kan kí agbára rẹ̀ tó pé. Ṣéènì ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, bíi ti kẹ̀kẹ́, nínú àpótí irin tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀. S600 náà ń lo ṣéènì, àwọn S800 àkọ́kọ́ náà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló bọ́ sí irú èyí tí gbogbo mọ́tò ń lò. S800 wà lára àwọn mọ́tò Honda àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní ìlú Ọba níbí. Nǹkan bí 11,500 péré ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1970.

Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe rẹ̀ nílé fi jẹ́ iléèwé. Ọmọ tó bá ń tú kábúrétọ̀ mẹ́rin á kọ́ sùúrù, nítorí pé bí ọ̀kan bá fa epo ju ìyókù lọ, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́. Á ya fọ́tò kó tó tú nǹkan, á kó nọ́ọ̀tì àti bóòtù ibi kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á kọ orúkọ sí i lára. Á mọ̀ pé èèyàn kì í wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ irin gbé e lọ́tùn-ún lósì. Bọ́dì S800 dúró lórí ṣáásì tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà ṣáásì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò bóyá ó ti dípẹtà, kí wọ́n tó náwó sórí ọ̀dà. Páátì ò sí nítòsí, ẹ ó máa retí rẹ̀ láti Jàpáànì tàbí láti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ìmọ̀ràn akáńtáńtì ni pé kí ẹ ṣí ìwé fún un, kí ẹ kọ gbogbo rìsíìtì sínú rẹ̀, kí ẹ má sì fi èrè sọ́kàn.

Tí òfin ńkọ́? Mọ́tò tó ti lé ní 40 ọdún, tí wọ́n sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní DVLA gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ àtijọ́, kì í san owó ULEZ tó dé gbogbo àdúgbò Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Tí wọn ò bá ti pa á láró ju bó ṣe yẹ lọ, kò pọn dandan kó ṣe MOT, àmọ́ kó dára lójú títì ṣì pọn dandan. Ọ̀pọ̀ ilé Becontree ò ní gáréèjì, ojú títì nìkan ló kù. Òfin ọdún 2005 ò gbà kí èèyàn máa tún mọ́tò ẹlòmíì ṣe gbowó lójú títì. Kódà tẹni fúnra ẹni, kó má di ìnira fún aládùúgbò, kí ọ́ìlì má sì ṣàn sínú gọ́tà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Honda. Mi ò ní fi í ṣe áńgẹ́lì. Inú rẹ̀ ò dùn sí àṣìṣe, ó máa ń gbá òṣìṣẹ́ létí, sípánà sì máa ń fò. Agídí rẹ̀ náà sì ní ìjàm̀bá tirẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ ti gba ipò kìíní ní ìdíje Formula 1 ní Mẹ́síkò ní oṣù kẹwàá ọdún 1965. Lẹ́yìn ìyẹn, ó takú pé atẹ́gùn ló yẹ kó máa tu ẹ́ńjìnnì lára, kì í ṣe omi. Ní oṣù keje ọdún 1968, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbiná ní ìlú Rouen ní Faransé, Jo Schlesser tó ń wà á sì kú. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé omi ló dára. Kò gbọ́. Fujisawa ló wá bi í bóyá ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló fẹ́ jẹ́ tàbí onímọ̀ ẹ̀rọ. Ó yan ipò ọ̀gá, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ṣe Civic ní 1972, wọ́n sì ṣe ẹ́ńjìnnì CVCC tí èéfín rẹ̀ mọ́ tó bí òfin Amẹ́ríkà ṣe fẹ́. Ní 1973, Ford gan-an bá Honda tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n lè lo ìmọ̀ náà. Ẹ̀yin ará Dagenham, tí ilé iṣẹ́ Ford ti wà láàárín yín láti 1931, ẹ gbọ́ bí? Ọmọ tó sá tẹ̀ lé ọkọ̀ Ford lábúlé ni Ford wá tọ̀ wá.

Honda rò pé ọ̀nà láti na àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ni ẹ́ńjìnnì yìí. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ní torí afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ àwọn máa mí sínú ni àwọn ṣe ṣe é. Ó rí i pé wọ́n ti kọjá òun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, lẹ́ni ọdún 66, òun àti Fujisawa fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kò fi ọmọ rẹ̀ sórí àga. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iye ilé iṣẹ́ tó kú pẹ̀lú bàbá tó dá wọn sílẹ̀ nílé wa, ẹ ronú sí i.

Lẹ́yìn náà, ó rin gbogbo Jàpáànì, ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń bọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń dúpẹ́. Mẹkáníìkì kan na ọwọ́, ó rí i pé ọ́ìlì wà níbẹ̀, ó fẹ́ sáré lọ fọ̀ ọ́. Honda ò jẹ́. Ó di ọwọ́ náà mú bẹ́ẹ̀, ó sì gbóòórùn ọ́ìlì náà.

Fujisawa kú ní òpin ọdún 1988. Ní 1989, wọ́n kọ orúkọ Honda sínú ilé àwọn akọni mọ́tò ní Amẹ́ríkà, òun ni ará Jàpáànì àkọ́kọ́. Nígbà tó délé, ó gbé àmì ẹ̀yẹ náà lọ síwájú àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti lọ. Òun náà kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1991, lẹ́ni ọdún 84. Ó ti ní kí wọ́n má ṣe ìsìnkú ńlá ní orúkọ ilé iṣẹ́, kí mọ́tò má bàa dí ojú títì fún àwọn ará ìlú.

Ẹ̀yin òbí, mi ò ní kí ọmọ pa ìwé tì. Mo ní tí ó bá wọlé lálẹ́ Sátidé pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, kí ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó rí nínú ẹ́ńjìnnì náà kí ẹ tó bá a wí nípa aṣọ. Tí ó bá dáhùn tí ojú rẹ̀ sì ń dán, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ wà ní ìlú yìí, yunifásítì tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ náà wà. Ọ̀nà méjèèjì ló gba abẹ́ mọ́tò yẹn kọjá.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.